Ọdún Méjì Tí Kò Sí Nínú Egungun Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú àtẹ̀gùn Jakande tí ẹ ń gùn lójoojúmọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mo kí àbúrò mi Tóyìn àti Ìrètí ọmọ rẹ̀. Òtútù Jámánì kò tíì pa mí, àmọ́ inú ń bí mi.

Tóyìn ní ọwọ́ Ìrètí ti gba orí kọjá kan etí, ó ní ẹ ti ní kí wọ́n kọ ọdún mẹ́fà sínú ìwé iléèwé rẹ̀. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rin ni! Ó kàn ga bíi tèmi nígbà èwe ni.

Ẹ mọ̀ pé egungun tó ti di òkúta ni mò ń gé níbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé itan dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn kan, ẹranko ayé àtijọ́. Itan yẹn gùn tó apá mi, eyín apẹranjẹ ti fọ́ ọ yánnayànna. Àgbà ni mo pè é. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi awò wo inú rẹ̀. Bí ọdún bá ti ń yí, ìlà máa ń wà nínú egungun wọn. Èyí kò ní ìlà kankan. Ihò ẹ̀jẹ̀ ló kún un, torí kíákíá ló ń dàgbà. Ọ̀gá ní ó jọ pé àwọn ìyá wọn ń yé ẹyin sílẹ̀ lọ ni, àwọn ọmọ á máa sáré ga kí apẹranjẹ má baà pa wọ́n jẹ. Bóyá ni èyí pé ọdún kan tí wọ́n fi fà á ya.

Mo jókòó, mo sunkún. Ọjà Bọ́ládé ni mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, ẹ rán mi lọ ra ọṣẹ, fóònù ẹnì kan sọnù, wọ́n ní èmi ni mo jí i. Pákó, bẹ́líìtì, bàtà lórí mi. Ẹnì kan ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé táyà wá. Ẹ sáré dé, ẹ ń ké pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Wọ́n fa káàdì iléèwé mi yọ: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, torí méjì tí ẹ fi kún un. Wọ́n pè yín ní òpùrọ́, ìyá olè, wọ́n gbá yín létí, wọ́n tún padà sórí mi. Ìgbà tí wọ́n rí fóònù náà lábẹ́ àpótí ni wọ́n tó túká.

Ẹ lọ bá wọn níléèwé, kí wọ́n pa mẹ́fà yẹn rẹ́. Bí wọn ò bá gba ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé. Apá ọ̀tún tí ẹ fi wọn ọjọ́ orí tèmi, wọ́n ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà, kò kan etí mọ́ títí dòní.

Mo fẹ́ràn yín, Màmá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Ọmọ yín,
Kúnlé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ohun yòówù kí ìwé wí.