Má Jẹ́ Kí Mọ́mì Dìde fún Àlejò

Sherifdeen,

Òru lo fi ṣiṣẹ́, ni mi ò ṣe jí ọ. Tó o bá jí, má jáde.

Obìnrin káńsù ìlú òyìnbó yìí tó ń yẹ àwọn àgbà wò, láti mọ ẹni tó nílò olùtọ́jú, wá láàárọ̀ yìí. Ó bi Mọ́mì pé ṣé wọ́n lè dá wẹ̀. Wọ́n ní alihamudulilai, kò sí ohun tí wọn ò lè ṣe. Ni wọ́n bá di àga mú, wọ́n dìde, wọ́n fẹ́ lọ po tíì fún un. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún wọn kàn ń wò wọ́n ni. Mi ò lè pe ìyá wa ní onírọ́ lójú àlejò.

Tó bá kọ ọ́ pé ara wọn le, káńsù ò ní dá kọ́bọ̀ sí owó ẹni tó máa wá tọ́jú wọn. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ń padà bọ̀ ní aago méjì. Mú un lọ sí kíṣìnì, kó o sọ òótọ́: bí wọ́n ṣe ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, gáàsì tí wọ́n tàn tí wọ́n gbàgbé. Má fi "a dúpẹ́" dá a lóhùn o. Ọ̀rọ̀ ilé tó ń bà ọ́ lẹ́rù, pé káńsù á ní ká tà á fi san owó ìtọ́jú, tó bá jẹ́ pé inú ilé níbí ni wọ́n ti ń tọ́jú Mọ́mì, káńsù kì í ka ilé mọ́ ohun ìní wọn.

Mo ti pẹ́, mo fẹ́ sáré mú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Elephant. Mo pariwo mọ́ Mọ́mì lẹ́yìn tí obìnrin yẹn lọ. Bá mi bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ní ṣé kí àwọn wá sọ fún àjèjì pé àwọn bímọ méjì, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú àwọn ni. Wọ́n wá na ẹsẹ̀ sí mi, pé kí n bá àwọn bọ́ bàtà.

Àsúmáù