Ojú Kejì Àwo Orin Bàbá Wa

Ilé Mama, Atakpamé,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Michel,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnira ilẹ̀ òkèèrè. Ṣé ara ìyàwó wa Sabine ti le? Ṣé ẹsẹ̀ yín tó ń wú ti rọlẹ̀? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kí omi tútù sì wà nítòsí yín, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró kà. Mama ń jẹun, ó ń sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń bínú sí mi. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo lè pè yín lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: tí mo bá pè, ẹ ó já a mọ́ mi létí kí n tó sọ ìdajì. Patricia, ọmọ ilé kejì wa tó ń padà sí Libreville, ló ń bá mi mú ìwé yìí bọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó dúró tì yín títí ẹ ó fi kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù: mo ti ní kí bíríkìlà kó irin iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Akparé. Iṣẹ́ ti dúró lórí ilé yín. Ẹ mú sùúrù, ẹ má fa ìwé ya, ẹ máa kà á lọ.

Ẹ mọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ, torí ẹ máa ń gbàgbé apá tí kò bá dùn mọ́ yín. Láti oṣù Kìíní tí ẹ ti ń kọ́lé sórí oko Baba ní Akparé ni Baba Ọ̀ṣuntókí, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ti ní ilẹ̀ Málọmọ́, bàbá òun, ni, wọ́n kàn yá bàbá wa ni. A gbin iṣu, a gbin àgbàdo sí i fún ọdún gbọọrọ, baba náà ò wí nǹkan kan. Búlọ́ọ̀kù ló la ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin sì bá ọba sọ̀rọ̀ lórí fóònù níṣojú gbogbo ìjòyè, ẹ ní kí wọ́n lọ gbọ́ àwo tí Baba ṣe lọ́dún 1972 pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Ìràwọ̀ Ogou, níbi tó ti kọrin pé, “Ilẹ̀ Akparé, ilẹ̀ ayọ̀ mi.” Ọba ní ó dára. Ó ní ká gbé àwo náà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ohun tó bá sọ labẹ́ gé. Ó ní tí a bá wá a tì, òun ó fi ti ẹni tó ti ń dáko níbẹ̀ láti àádọ́ta ọdún ṣe.

Ẹ ò rí i bí? Tí mo bá ní mi ò rí àwo, tiwa ni ilẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwo ti ilé wa ò sí mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e lé Baba láyà nínú pósí lọ́dún 2009, a sì sunkún gbogbo wa pé ó ti mú orin rẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé ojú kejì àwo yẹn ti ha láti kékeré wa. Tí abẹ́rẹ́ bá ti dé orin ìkẹyìn, á kàn máa fò láti ibi “ilẹ̀ ayọ̀ mi” lọ sí òpin, Baba á sì gbé e kúrò. A ò gbọ́ àárín orin yẹn rí láyé wa.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló darí mi sí Elavagnon, sọ́dọ̀ Mùsíọ̀ Eugène, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin yẹn! Yàrá rẹ̀ kún fún àwo bámúbámú, gbogbo wọn ló jáde lọ́dún 1972. Kò ra ti 1971, kò ra ti 1973. Ó ní ọdún yẹn lòun gbéyàwó, ọdún yẹn lòun ra ẹ̀rọ tó ń kọ àwo, ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ariwo lásán ni. Mo ní kó yá mi ní ti Ìràwọ̀ Ogou. Ó ní rárá o, èèyàn kì í gbọ́ ọ̀kan láìgbọ́ àwọn tó bá a jáde. Ó gbé ti àwọn ọmọ Cotonou kan sí i, fèrè ń ké fáá. Ó gbé ti obìnrin Sokodé kan tí ohùn rẹ̀ rí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó gbé ti àwọn ọ̀dọ́ Lomé tó ń fi dùùrù iná dárà, ó ń jó lórí àga, ó ń ní kí n wo ibi tí onígìtá ti já wọlé. Mọ́tò ìkẹyìn ń lọ ní aago mẹ́rin, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí òmùgọ̀.

Nígbà tó yọ tiwa, Ẹ̀gbọ́n mi, omi dà lójú mi. Baba wà lórí páálí rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò, gìtá lọ́wọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Málọmọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agogo. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ni.

Orin ìkẹyìn lójú kejì, orin ìdúpẹ́ ni. Nígbà náà, ẹgbẹ́ olórin kì í parí àwo láìdárúkọ ẹni tó ṣe wọ́n lóore. Baba kọ “ilẹ̀ ayọ̀ mi,” mo ń retí kó fò. Kò fò. Ó ní: “Málọmọ́ ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo nilẹ̀, èmi ni mo lọ́kọ́. Bí iṣu bá ta, n ó kó tìrẹ wá kí n tó jẹ tèmi. Ọdún tí iṣu kò bá dé mọ́, gba ilẹ̀ rẹ.”

Mùsíọ̀ Eugène ń jó ní tirẹ̀. Ọmọ Ewe ni, kò gbọ́ ohùn ilé wa, gìtá ló ń gbọ́. Ó ní, “Ó dùn, àbí?” Mo ní ó dùn. Ó di àwo àti ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì kan fún mi, ó ní kí n dá a padà lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn ẹjọ́. Nínú gbogbo ayé yìí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí iṣu mẹ́wàá tí à ń rù lọ sílé Málọmọ́ ní gbogbo oṣù Kẹjọ? Ìyàwó rẹ̀ á fún wa ní ẹ̀pà, ẹ̀yin á gba tèmi kún tiyín. A rò pé ọ̀rẹ́ ló ń fún ọ̀rẹ́ níṣu. Lọ́dún tí Baba kú, mo bi yín bóyá ká ṣì kó o lọ. Ẹ ní, “Baba ti kú, Málọmọ́ ti kú, ta là ń kóṣu fún?” Mo gbà fún yín. Mo jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé, ẹ̀gbọ́n mi, a sì gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí!

Nínú mọ́tò, mo gbé àwo náà lé itan. Níbi kòtò kọ̀ọ̀kan lọ́nà ni mo ń rò ó pé tí mo bá jẹ́ kó já bọ́, ta ni yóò bi mí? Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Mama. Ó ní, “Fi í sínú àpò. Michel ti kọ́lé náà dé òkè fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí.” Ẹ wò ó, mo gbà. Mo gbé àwo sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi aṣọ oníbàárà bò ó. Mo lọ sí Máàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè gba ara Olúwa.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé àwo àti ẹ̀rọ náà dání lọ sáàfin nínú àpò, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n ó ní mi ò rí i. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi gbé e dání. Ọba bi Baba Ọ̀ṣuntókí bóyá ó ní ẹlẹ́rìí. Ó dìde, ó ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. Ó ní, “Mi ò ní. Àwọn tó mọ̀ ti kú, àwo tiwa sì jóná pẹ̀lú ilé. Bàbá mi ló lu agogo inú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbọ́ agogo bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ọba yíjú sí mi. “Adèle, ṣé o rí i?”

Mo la ẹnu láti ní rárá. Ọlọ́run ló rí mi. Ọwọ́ mi ti wọnú àpò.

Mo gbé àwo sórí ẹ̀rọ, ojú kejì. Nígbà tí Baba dé ibi “gba ilẹ̀ rẹ,” àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, Mama sì fi ìborùn bojú. Baba Ọ̀ṣuntókí ò tiẹ̀ fetí sí ọ̀rọ̀ náà, agogo ló ń tẹ̀ lé pẹ̀lú ìka, omijé ń wá. Ọba ní ẹjọ́ parí: ilẹ̀ di ti Ọ̀ṣuntókí, kó ṣe é bó ṣe wù ú, kó wó ilé tó bá fẹ́ wó.

Baba náà wá bi mí, “Ṣé o ti gbọ́ ọ kí o tó gbé e wá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “O mọ ohun tó máa sọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mi ò ní wólé. Ṣùgbọ́n mi ò yá Michel nílẹ̀. Adèle ni mo yá. Orúkọ rẹ̀ ni kí akọ̀wé kọ.” Wọ́n kọ ọ́, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti oṣù Kẹjọ, èmi ni n ó máa ru iṣu lọ sílé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí láti kékeré, ilé yín wà lórí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ bó ṣe máa dùn yín tó. Èmi náà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ bínú títí ó fi tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan páànù sí i, ẹ ó wá sọ́dọ̀ àbúrò yín, ẹ ó tọrọ àyè, n ó sì fún yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ibínú pínyà. Kó ṣọ́ yín lójú títì, kó wo ẹsẹ̀ yín sàn, kó mú yín wálé pẹ̀lú Sabine ní àlàáfíà.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín tó sì ń bẹ̀rù yín síbẹ̀,
Adèle.

Mo tún rántí: Láàárọ̀ yìí ni Mama kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó bi mí bóyá ẹ óò tún máa pè mí ní àbúrò. Mo ní n ó bi yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èsì rán Patricia.