Ìbò Tí Ẹ Dì Lòdì sí Ọmọ Yín

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú olótùútù yìí. Mo kí Bàbá Onílé, mo kí Rísí àbúrò mi, mo sì kí gbogbo awakọ̀ tírélà tó ń mu tíì lọ́dọ̀ yín ní ibùdókọ̀ Coconut. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, torí ẹjọ́ wọn ni mo fẹ́ rò.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí a ti ń di ẹrù sínú páálí yìí, èmi nìkan ni mo máa ń jẹun ọ̀sán. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àmọ́ n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ ti sọ fún yín pé bí ọdún yìí bá parí, mo ń bọ̀ nílé. Àfi bí àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe pè mí sí géèmù tí wọ́n máa ń ṣe lórí ìpè fídíò fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú! Àwa mẹ́fà là ń kọ èsì apanilẹ́rìn-ín sí ìbéèrè, àwọn òǹwòran á sì dìbò fún èyí tó dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n ní a lè mú òǹwòran tiwa wá. Kíá ni mo fi nọ́ńbà ìwọlé ránṣẹ́ sí Rísí.

Mo rò pé ẹ̀yin méjì lẹ máa wọlé. Mi ò rántí pé àwọn awakọ̀ yẹn ti tò sójú kan láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń dúró de àtiwọ èbúté Tin Can, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe ju kí wọ́n máa tẹ fóònù. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ Rísí, òǹwòran sì ti lé ní ọgọ́rin! Àwọn òyìnbó pariwo, wọ́n ní ta ni mí gan-an. Màámi, orí mi wú! Èmi ni mo ń ṣíwájú títí ó fi ku ìbéèrè kan, èyí tó ń pinnu ẹni tó borí.

Ìgbà yẹn lẹ wá rí Ìyáàfin Helen nínú fídíò, ọ̀gá wa onírun funfun, tí kò rí ìbò kankan gbà. Rísí ní inú bí yín, ẹ ní irú ìwọ̀sí wo ni wọ́n fi ń lọ̀ àgbàlagbà yìí. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ mu tíì yín lọ́la, kó yáa dìbò fún màmá yẹn. Awakọ̀ kan béèrè pé ọmọ yín wá ńkọ́, ẹ ní mo ṣì kéré, ọjọ́ ń bọ̀ fún mi. Ni gbogbo ìbò bá ya sọ́dọ̀ obìnrin tó kọ “Mi ò mọ̀” sílẹ̀! Ìyá tó bí mi ló jẹ́ kí n fìdí rẹmi. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí abọ́ ìrẹsì mi ni Ìyáàfin Helen, tí kì í ráyè kí èèyàn, gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá jókòó tì mí. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó béèrè ohun tí àwọn èèyàn yẹn rí lára òun. Mo ní ìyá mi ló pàṣẹ. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a jọ ń jẹun ni, àwọn yòókù náà sì ti ń fa àga wá.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sì sọ fún Bàbá Onílé pé kó fi yàrá mi háyà fún ẹlòmíràn, mi ò tíì ń bọ̀.

Èmi ni Bọ́lá, ọmọ yín.