Dá Ẹ̀rọ Tábìlì Mi Padà

Nawab Din, gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìlú Chiniot, ló ń sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú. Èmi Tufail ń bá a kọ ọ́.

Mushtaq, àbúrò mi ní Muscat, mo kí ọ. Ara ìyá wa ti yá. Ẹfọ̀n wa tí à ń fún wàrà rẹ̀ ti bímọ.

Kí ló dé tó o fi ní kí ìyàwó rẹ tú ẹ̀rọ fíríìjì kúrò lábẹ́ tábìlì mi? Fíríìjì tí mo ti yọ ọ́ ti kú! Ẹ̀rọ náà ló ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ pákó, tí pákó fi ń lẹ̀ mọ́ tábìlì típẹ́típẹ́, torí ọwọ́ òsì mi ò lè di nǹkan mú mọ́. Zubaida ìyàwó rẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹsẹ̀ tẹ pákó mọ́lẹ̀ bíi tàwọn àgbà!” Pẹ̀lú orókún wo? Ilẹ̀kùn mọ́sáláṣí tí mò ń gbẹ́ ò tíì parí.

Ní kó dá a padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wálé wá bá mi di pákó mú. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Fi oògùn orókún ránṣẹ́.

Àmì àtàǹpàkò Nawab Din.
Ẹlẹ́rìí: Hashmat alápatà àti Karam Bibi, ìyá wa, tó ní inú ń bí òun náà.