Kíláàsì Tí Mo Ti Dákẹ́

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ẹ má wo bí mo ṣe rù nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, iná ibẹ̀ ni kò dára.

Iṣẹ́ tí mi ò sọ fún yín pé ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi kò bọ́ mọ́. Ẹ̀kọ́ gbogboogbò tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kankan ò lè yẹ̀ sílẹ̀ ni mò ń kọ́ wọn. Màá sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun á fi gbẹ, wọ́n á máa sùn. Ọ̀gá mi ní òun á wá ẹlòmíràn sí ipò mi.

Lọ́jọ́ tó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ohùn mi há. Ni mo bá ní kí wọ́n yíjú síra wọn, kí wọ́n jiyàn: bí omi bá wọ́n, ilé ìwòsàn ni ká kọ́kọ́ fún ni àbí oko? Gbọ̀ngàn hó yèè. Ọ̀gá náà dá sí i. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ dìde, ó ń sọ tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin náà sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Nígbà tó ń jáde, ó ní, "Máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá mi kí bàbá mi. Ẹ ní kí àbúrò mi máa bá yín pọn omi.

Èmi ọmọ yín.