Oògùn Ọ̀sẹ̀ Ọsibítù

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí ti sú mi pátápátá.

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lónìí láti mú un lọ ọsibítù. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ìjọ tó ń lọ sí àpéjọ ti kún ọ̀nà Ìdíìrókò, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ yan wá nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa. Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wo ṣúgà, ó ní, "Màmá, ẹ káre! Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é lọ." Inú mi dùn.

A délé, mo fa ìborùn kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ pé kí n fọ̀ ọ́. Àṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní kó máa lò lójoojúmọ́ ló so mọ́ etí ìborùn náà, ẹ̀kúnwọ́ kan.

"Màámi, kí lèyí?"

"Ọ̀sẹ̀ tí a bá ń lọ ọsibítù ni mo máa ń lò ó. Ó ń jẹ́ kí n máa tọ̀ ṣáá, orúnkún yìí ò sì jẹ́ kí n tètè dé ilé ìtọ̀."

Háà! Bí ẹni tí kì í gbálẹ̀ àfi tí àlejò bá ń bọ̀! Mo pariwo débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lọ́wọ́ wa yọjú. "Ta lẹ ń tàn jẹ?"

Ó wò mí. "Ṣé o ti gbàgbé bí dókítà yẹn ṣe bá ọ wí lójú èrò níjọ́sí, pé o ò tọ́jú mi? Kò ní ṣe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo bu omi, mo dúró tì í títí ó fi gbé oògùn mì, ó sì la ẹnu kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú ṣì ń bí mi. Bó bá wá lọ ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ta ni wọ́n máa bá wí?