Ìkìlọ̀ Màámi ní Sinimá

Bódìjà, Sátidé, oṣù Kọkànlá, 1994

Mo kó Màámi àtàwọn ọmọ lọ sí sinimá ní Dúgbẹ̀, láti wo eré orí ìtàgé tí wọ́n yà sí fíìmù. Bí ìyáálé inú eré ṣe fẹ́ gbé ife májèlé sẹ́nu, ni Màámi bá fò dìde: "Má mu ún o! Orogún ẹ ti bu nǹkan sí i!"

Ojú tì mí. Mo ń fà wọ́n láṣọ pé kí wọ́n jókòó, àfi bí gbogbo èrò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn pariwo pé kó má mu ún.

Látìgbà tá a ti sin Bàámi, n ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu Màámi mọ́. Mo ti rò pé Bàámi gbé e lọ ni. Olúwa, ẹ ṣé.

Nígbà tá a délé, Màámi ní: "Fúnkẹ́, ṣé wọ́n á tún ṣe é lọ́la? Ẹ jẹ́ ká jókòó síwájú, kí ìyáálé yẹn lè gbọ́ mi."